Páìpù Ta Ló Dí?

Ẹ rọra wọlé, ẹ má pariwo, ilé ìwòsàn la wà. Ọdún 1988 ni, ní Àbújá, nígbà tí ìdajì ìlú ṣì jẹ́ ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, tí ìdajì yòókù sì jẹ́ àwọn tó ń kọ́ ọ. Nínú yàrá kékeré kan ní ilé ìwòsàn tí kò jìnnà sí ọjà Wuse, Nọ́ọ̀sì Abíọ́nà jókòó sídìí tábìlì. Ìwé orúkọ àwọn aláìsàn wà níwájú rẹ̀, síńkì kan tí omi ìdọ̀tí ti kún dé ẹnu wà lẹ́yìn rẹ̀. Kàdúná ni wọ́n bí nọ́ọ̀sì yìí sí, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Yorùbá rẹ̀ pọ̀ lẹ́nu dáadáa, àmọ́ ohùn rẹ̀ a máa gòkè níbi tó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀, a sì máa sọ̀ kalẹ̀ níbi tó yẹ kó ti gòkè.

Ẹni tó kan ilẹ̀kùn ni Jàbárù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta. Iṣẹ́ púlọ́ńbà ló ń ṣe, ilé tuntun tó wà ní Wuse tí kò fọwọ́ kan omi ẹ̀rọ wọn kò pọ̀. Iṣẹ́ kọ́ ló gbé e wá lónìí, àìsàn ni, irú èyí tí ọkùnrin kì í sọ síta. Ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde lára rẹ̀ ló dí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fi irin là á fún un, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì tún padà dí. Kí ẹnikẹ́ni má baà fura, ó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, sípánà ńlá kan sì yọrí lẹ́nu àpò náà. Ọgbọ́n tó dá nìyẹn, ọgbọ́n náà ló sì kó bá a.

Nọ́ọ̀sì rí sípánà, ojú rẹ̀ là. "Yauwa. Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ páìpù ló gbé yín wá?"

Jàbárù dúró. Láti ilé ló ti ń ronú bí òun ṣe máa gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ níwájú ọmọdébìnrin, ọmọ náà rèé tó ti bá a gbé e kalẹ̀ tán. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé àwọn òbí ọmọ yìí kọ́ ọ dáadáa.

"Òun náà ni, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ páìpù ni."

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá. Láti ọjọ́ Ajé la ti ń retí yín."

"Ẹ ti ń retí mi?"

"Gbogbo wa. Ọ̀gá ní ẹ máa yọjú lọ́jọ́ Ajé, a ò rí yín. Ó ti le gan-an báyìí, Bàbá. Kò ṣe é fi pamọ́ mọ́."

"Ó ti le lóòótọ́," ni Jàbárù wí, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Bí èèyàn bá dúró tì í, yóò dúró títí ẹsẹ̀ á fi máa ro ó."

"Ó kàn ń kán tó, tó, tó."

"Tó, tó, tó. Ta ló sọ fún ọ?"

"Ojú mi ló ṣe. Láàárọ̀ yìí, mo dúró wò ó fún odidi ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Jàbárù wo ojú fèrèsé. Ẹ̀yìn ògiri kan lójú ọ̀nà ló ti tọ̀ láàárọ̀, kò sì rántí pé òun rí nọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀.

"Níbo gan-an lo dúró sí?"

"Ibi tí mo wà yìí náà ni. Kì í ṣèmi nìkan o. Àwọn aláìsàn náà ń wò ó. Wọ́n ní ó ń rùn."

"Wọ́n ní kí ló ń ṣe?"

"Ó ń rùn, Bàbá. Ẹ má bínú. Dókítà tó wá láti Jos, sùúrù rẹ̀ tiẹ̀ tán lánàá, ló bá fi bàtà ta á."

Jàbárù fa àpò irinṣẹ́ wá síwájú, ó fi bo ara rẹ̀ láti ìdodo dé orúnkún. "Dókítà wo ló ń fi bàtà ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀?"

"Dókítà àgbà ni. Ó ní ìgbà tí irin kò ṣe é, bóyá bàtà á ṣe é."

"Irin nìkan ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti ki irin bọ̀ ọ́."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni. Wọ́n ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún yín nìyẹn. Wọ́n á kì í bọ̀ ọ́, á ṣàn díẹ̀, á tún dí."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló lò kẹ́yìn kó tó dí."

"Àbí ẹ ò rí nǹkan. Àwa tá a wà níbí ò ka ọ̀sẹ̀. Irú oníṣẹ́ tó ń ka nǹkan báyìí ni mo fẹ́ràn. Ó ti dáa, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ká bẹ̀rẹ̀."

"Kí n sọ kí ni kalẹ̀?"

"Ẹrù yín."

Ọwọ́ Jàbárù ti dé orí bẹ́líìtì. Ó wo ẹ̀yìn. "Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ọmọ mi."

"Ẹ jẹ́ kó ṣí. Bí àwọn èèyàn bá rí yín lẹ́nu ẹ̀, inú wọn á dùn. Àwọn kan tiẹ̀ ní àwọn fẹ́ wá wòran."

"Wòran temi?"

"Odindi wọ́ọ̀dù ọkùnrin. Kai, Bàbá, ẹ wá ń ṣe bí ẹni tí kò ṣe é rí. Ẹ súnmọ́ ibí, ẹ wò ó." Nọ́ọ̀sì dìde, ó wọ́ àga rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Òun nìyí."

Jàbárù rí síńkì. Ó wo síńkì, ó wo ara rẹ̀, ó tún wo síńkì. Síńkì ló ń rùn. Síńkì ni dókítà fi bàtà ta. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ síwájú síńkì bí ẹni pé ohun tó wá ṣe gan-an nìyẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni rọrùn ju àìsàn ẹni lọ. Ó yọ ayùn irin, ó ti orí bọ abẹ́.

Láti abẹ́ síńkì, ohùn rẹ̀ yí padà, ó di ohùn ọ̀gá. "Ta ló ki irin bọ inú èyí?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá ráyè."

"Wọ́n fẹ́ pa á ni. Ibì kan ṣoṣo ló bàjẹ́ nínú páìpù yìí, kò gùn tó ìka mi. Irin tẹ́ ẹ ń kì bọ̀ ọ́, ńṣe ló ń ha á nínú. Ibi tó bá ti ha, ìdọ̀tí á rí ibẹ̀ dì mọ́, á sì nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ ń là á, ẹ sì ń dí i, ọwọ́ kan náà lẹ fi ń ṣe méjèèjì."

"Kí wá ni ká ṣe, Bàbá?"

"Ẹ gé ibi tó bàjẹ́ dànù. Ẹ fa ẹnu méjèèjì wá, ẹ so wọ́n pọ̀. Ó parí. Ẹni tó bá tún ki irin bọ irú páìpù yìí lẹ́ẹ̀kẹrin, ìkà lẹni náà."

Ó gé e, ó fà á, ó so ó. Omi tó wà nínú síńkì mì díẹ̀, ó yí po, ó sì wọlẹ̀ lọ gbọ̀ọ̀. Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Jàbárù fọ ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó nù ún sára ṣòkòtò, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó sì forí lé ẹnu ọ̀nà kíákíá bí ọmọ tó ń sá kúrò ní kíláàsì. Ìtìjú ti pa á tán, ó ti pinnu pé òun ò ní sọ ohun tó gbé òun wá mọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni nọ́ọ̀sì wí. "Bẹ́ ẹ bá dé ìta, ẹ bá mi wo ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jàbárù."

Ẹsẹ̀ kan ti wà níta. "Kí ló ṣe?"

"Iṣẹ́ abẹ ni. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni dókítà yìí ń wá láti Jos. Ọ̀la ló máa ṣe iṣẹ́, lónìí ló ń gba orúkọ. Ààyè kan ṣoṣo ló kù, Jàbárù yìí ni wọ́n fi í pamọ́ fún. Bí aago méjìlá bá lù tí kò dé, mo máa fi ẹlòmíràn sí i. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Jàbárù dúró sójú kan. Oṣù mẹ́ta. Ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, láti ìyálẹ̀ta títí di ọ̀sán, ẹ̀kán kan ṣoṣo kò jáde, inú rẹ̀ le bí pákó, ó sì rò pé òun máa kú síbẹ̀. Ojú ń tì í láti sọ ọ́, ẹ̀rù sì ń bà á láti lọ. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé ìtọ̀ tún ń gbọ̀n ọ́n. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé.

"Ọmọ mi."

"Bàbá."

"Jàbárù yẹn ti dé."

"Ó wà níbo?"

"Òun ló bá ọ tún síńkì ṣe."

Nọ́ọ̀sì wo ìwé, ó wo sípánà, ó wo síńkì. "Nígbà tẹ́ ẹ ní ọ̀rọ̀ páìpù ni…"

"Tèmi ni mò ń wí."

"Nígbà tí mo ní ó ń rùn…"

"Tèmi ni mo rò pé ò ń wí."

"Nígbà tí mo ní kẹ́ ẹ sọ ọ́ kalẹ̀…"

"Ọlọ́run ló kó èmi àti ìwọ yọ."

Nọ́ọ̀sì fi ìwé orúkọ bojú. Ìwé náà ń gbọ̀n, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, tábìlì pàápàá ń gbọ̀n. Nígbà tó sọ ìwé kalẹ̀, ojú rẹ̀ ti le bí ojú nọ́ọ̀sì, àyàfi omijé tó kù ní ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. Ó na ìgò kékeré kan sí i.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ gbà. Dókítà fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ bá mi fi itọ́ díẹ̀ sínú ẹ̀."

Jàbárù rò ó pé ọ̀nà ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ mà ti pọ̀ láyé. Ó ṣí ìgò, ó ha ọ̀fun, ó tu itọ́ sí i, ó dé e, ó sì fi lé e lọ́wọ́. "Ṣé ó tó?"

"Kí lẹ ṣe yìí?"

"Itọ́ tó o ní kí n fi sí i."

"Mi ò ní itọ́. Itọ́ ni mo ní."

"Èwo nínú méjèèjì?"

"Èyí tó ń ti ìsàlẹ̀ wá."

"Ìsàlẹ̀ ahọ́n gan-an ni mo ti fà á."

Nọ́ọ̀sì mú bírò, ó fi tọ́ka. Bírò náà kọjá àgbọ̀n Jàbárù, ó kọjá àyà rẹ̀, ó sì dúró síbi kan. Jàbárù tẹ̀ lé e pẹ̀lú ojú.

"Ìtọ̀," ló wí.

"Ohun tí mo sọ náà nìyẹn."

"Kì í ṣe ohun tó o sọ. Bó bá jẹ́ bó o ṣe ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn nìyẹn, itọ́ ti pọ̀ níwájú dókítà yẹn."

Ó gba ìgò mìíràn, ó bọ́ sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Aago ara ògiri ń dún. Ó pẹ́ díẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ ti sùn lọ ni?"

"Mò ń bẹ̀ ẹ́."

"Ẹ bá a sọ̀rọ̀ dáadáa."

"Mo ti bá a sọ ti Yorùbá, mo ti bá a sọ ti Hausa."

Nígbà tó jáde, ó fi fìlà bo ìgò náà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju èyí tó lè rin ìsàlẹ̀ ìgò lọ. Nọ́ọ̀sì wò ó, kò rẹ́rìn-ín. Ó fa fótò inú ara tí wọ́n ti yà fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá jáde nínú àpòòwé, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀.

"Bàbá, ẹ wá wò ó. Apá ló wà níbẹ̀."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Apá. Kékeré ni."

Jàbárù wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó wo ti òsì, méjèèjì pé. "Apá ta ni?"

"Tiyín ni. Ara yín ló hù ú."

"Ara mi hu apá. Níbẹ̀."

"Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ibẹ̀ bá fara pa. Ó wà nínú ìwé yín pé ẹ ṣubú nígbà kan."

"Mo já láti orí pákó níbi tá a ti ń kọ́lé, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Mo gun páìpù irin kan bí ìgbà tí èèyàn gun ẹṣin. Àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé apá máa hù. Ṣé ó ní ìka?"

"Kò níìka. Ó kàn fún ọ̀nà náà mọ́ra gírígírí. Bí wọ́n bá fi irin tú u, tó bá dọ̀sẹ̀ mélòó kan, á tún fún un."

"Ó ń fún un," ni Jàbárù wí, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. "Mo mọ̀ ọ́n lára. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ló mú un."

"Ojú ọgbẹ́ tó ti san ni, Bàbá. Ibi tó le sí."

"Àpá."

"Apá. Ohun tí mò ń sọ látàárọ̀."

Jàbárù fi ìdí lé àga. Ó mí kanlẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.

"Dókítà máa gé ibi tó le yẹn kúrò," ni nọ́ọ̀sì wí. "Kò gùn. Á fa ẹnu méjèèjì wá, á rán wọn pọ̀. Ẹ máa gbé rọ́bà tí ìtọ̀ á máa gbà jáde sára fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn náà wọ́n á yọ ọ́. Ẹ jẹ́ n kọ orúkọ yín."

"Má kọ ọ́. Sọ fún dókítà kó bá mi ki irin bọ̀ ọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá, kí n máa lọ síbi iṣẹ́ mi."

Nọ́ọ̀sì ti ìwé sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó dìde, ó yí omi ẹ̀rọ, omi sì ń wọ́ lọ nínú síńkì láìdúró. Ó wo Jàbárù. "Bàbá, kí lẹ pe ẹni tó bá ki irin bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin?"

"Síńkì ni mò ń sọ."

"Ibi tó bàjẹ́ kò gùn tó ìka yín. Irin ń ha á nínú. Ẹ ń là á, ẹ sì ń dí i. Ẹnu ta ló ti jáde?"

"Ọmọ mi, síńkì ò níyàwó."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò sì lè dá a padà mọ́. Nọ́ọ̀sì pa omi, ó padà wá jókòó. "Ohun tó ń bà yín lẹ́rù nìyẹn?"

"Ṣítù bíríkìlà sọ fún mi. Ó ní ẹni tí wọ́n bá fi abẹ kàn níbẹ̀, bó bá padà délé, òun àtìyàwó ẹ̀ ti di ẹ̀gbọ́n àti àbúrò."

"Ṣé Ṣítù ti ṣe é rí?"

"Kò ṣe é rí."

"Ṣé ó mọ ẹnì kan tó ṣe é?"

"Bíríkìlà ni."

"Ẹ gbọ́ ohun tí dókítà sọ fún mi. Ó ní ó lè mú wàhálà wá fún ẹnì kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ kò wọ́pọ̀, ó sì máa ń lọ. Ó ní oko yín á wà bó ṣe wà."

"Oko mi?"

"Oko yín."

"Mi ò lóko ní Àbújá. Ìjọba ti gba gbogbo ilẹ̀."

"Bàbá, kò sọ́kùnrin tí kò lóko."

"Nílé, bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní in ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá mi mójú tó o."

Bírò bọ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. "Ẹ̀gbọ́n yín ló ń mójú tó o?"

"Ó ti tó ọdún méje báyìí. Ẹ̀gẹ́ ló gbìn sí i."

"Ẹ̀gẹ́." Nọ́ọ̀sì wo fótò náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó yí i po, ó wò ó lódì. "Ṣé ìyàwó yín mọ̀ sí i?"

"Òun ló máa ń lọ hú u."

Wọ́n wo ara wọn. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà wọ Jàbárù létí dáadáa. Ó ṣí fìlà, ó fi bojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ láti abẹ́ ẹ̀. "Ọmọ mi, ta ló kọ́ ọ lọ́rọ̀ yẹn?"

"Ìyá mi àgbà."

"Bá mi kí wọn. Má tún sọ ọ́ mọ́ láyé ẹ, bó wù kí ohùn ẹ rí. Nǹkan ọkùnrin là ń pè é."

"Nǹkan ọkùnrin. Dókítà ní kò ní ṣe é ní nǹkan kan."

Jàbárù yọ fìlà kúrò lójú. Ẹ̀rín ti kọ́kọ́ mú un, ó sì rẹ́rìn-ín gidi, èyí tó ti pẹ́ tó ti rín kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ fà ro.

"Kò mọ̀," ló wí. "Rísíkàt, ìyàwó mi. Kò mọ ohun tó ń ṣe mí."

"Ọdún mẹ́ta? Kí ló wá rò pé ẹ ń ṣe?"

"Ó rò pé mo ní obìnrin kan ní Mpape. Bí mo bá lọ tọ̀ lẹ́yìnkùlé, mo máa ń pẹ́, ó ní obìnrin náà ló wà lódìkejì ògiri. Bí mo bá wá síbí, ó ní ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo lọ."

"Ẹ sì fi í sílẹ̀ kó máa rò ó?"

"Ó yá mi lára ju kí n sọ òótọ́ lọ. Àwọn ọkùnrin àdúgbò tiẹ̀ ti ń bọ̀wọ̀ fún mi. Wọ́n ní ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ṣì lágbára."

"Kai."

"Àmọ́ lánàá, ó di ẹrù rẹ̀. Ó ní bí ọjọ́ Ẹtì bá ti mọ́, òun ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, òun ò sì ní padà wá." Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti jọ ń gbé, ó fẹ́ràn Rísíkàt gan-an, ilé tí kò bá sí obìnrin náà níbẹ̀ kò jọ ilé lójú rẹ̀. Kò sọ èyí fún nọ́ọ̀sì, àmọ́ ó ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ ra sípánà bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Nọ́ọ̀sì fẹ̀yìn ti àga. "Ẹ jẹ́ n wò ó bóyá ó yé mi. Ọkùnrin tó ní obìnrin ní Mpape, ìyàwó ẹ̀ ń lọ. Ọkùnrin tí páìpù ẹ̀ dí, ìyàwó ẹ̀ máa dúró tì í. Èwo nínú wọn ni kí n kọ síbí?"

"Ṣó máa dúró?"

"Obìnrin tó mọ̀ pé inú àìsàn lẹ wà, tí kì í ṣe inú ilé obìnrin mìíràn? Á gbé ọbẹ̀ wá síbí, á sì fi ìyókù ọbẹ̀ náà lé àwọn tó ń bọ̀wọ̀ fún yín ládùúgbò."

Aago ku ìṣẹ́jú méjì. Jàbárù wo síńkì. Kò sí ẹ̀kán omi kan tó kù nínú rẹ̀.

"Kọ orúkọ mi," ló wí.

Bírò ti ń kọ kó tó sọ ọ́ tán. "Ta ló máa máa gbé oúnjẹ wá fún yín?"

Èyí le fún un ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Rísíkàt. Kọ ọ́ síbẹ̀. Mo máa kọ́kọ́ délé lọ sọ fún un."

"Kí lẹ máa sọ? Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, kẹ́ ẹ má lọ yẹ̀ ẹ́ bó bá yá."

Jàbárù dìde, ó tún agbádá tí kò wọ̀ ṣe, ó kọjú sí síńkì. "Rísíkàt, kò sí obìnrin kankan ní Mpape."

"Ó ti dáa."

"Kò sì sí ní Kugbo."

"Ṣé ó tiẹ̀ dárúkọ Kugbo?"

"Rárá o."

"Ẹ yọ Kugbo kúrò."

Ó yọ ọ́. Ó sọ ìyókù, ó sọ bó ṣe já lulẹ̀, ó sọ ti irin, ó sọ ti ẹ̀kán tó, tó, tó, ó sì dá dúró lẹ́nu ìgbà tó kù díẹ̀ kó sunkún. Nọ́ọ̀sì ní kò burú, pé bó bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ délé, ẹrù Rísíkàt máa tú fúnra rẹ̀. Aago méjìlá lù. Ó yí ìwé ìyọ̀ǹda kan sí i, Jàbárù sì fọwọ́ sí i.

Bó ṣe fi bírò sílẹ̀ báyìí, ọ̀gá tún dìde nínú rẹ̀. "Sọ fún dókítà kó má fà á le jù kó tó rán an. Bí wọ́n bá fà á le, ó máa já. Kó sì yẹ ẹnu méjèèjì wò dáadáa, kó rí i pé wọ́n dọ́gba. Àbí kí n kúkú sọ fún un fúnra mi lọ́la, bó bá ti ń ṣe é lọ?"

"Ẹ ò ní lè sọ ọ́, Bàbá. Ẹ máa sùn."

"Ta ló máa sùn?"

"Ẹ̀yin náà ni. Wọ́n á fún yín lábẹ́rẹ́ oorun, ẹ ò sì ní mọ nǹkan kan títí tí dókítà máa fi ṣe é tán. Kí ló tún ń bà yín lẹ́rù nínú ìyẹn?"

Jàbárù gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká díẹ̀díẹ̀. "Ọmọ mi, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù. Gbogbo iṣẹ́ tí mo ti bà jẹ́ láyé mi, ìgbà tí onílé ò sí nílé ni."